Lẹ́yìn Ìdúpẹ́, Ẹ̀rù Kò Lọ

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tàbí ẹni tó ti ti ọsibítù dé, tí gbogbo èèyàn ń kí kú oríire, tí òun nìkan sì mọ̀ pé nǹkan kan kò tíì bọ̀ sípò, ẹni yẹn ni mò ń kọ èyí sí. Èmi kì í ṣe dókítà. Ilé-ìwé girama ni mo kà mọ nílé kí n tó wá sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mò ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sórí pẹpẹ nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Union City. Mi ò ní sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo fẹ́ sọ, màá sì rọra sọ ọ́.

Ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ẹ̀bà tí mo jẹ kí n tó kúrò nílé ni kò dà. Àyà mi wúwo bíi pé ẹnì kan jókòó lé e. Ìrora kan gba apá òsì mi, ó gòkè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà òtútù ni, wọ́n sì ṣí àwọn ilẹ̀kùn ńlá tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń já ẹrù, síbẹ̀ òógùn bò mí. Mo ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń tà á, mo mu ún, mo gùfẹ̀, mo ní ó ti lọ. Kò lọ. Mo ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà parí, mo sì wa mọ́tò ara mi gba ọ̀nà márosẹ̀ 285 délé wa ní Redan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí irú rẹ̀ bá mú yín, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, kí ẹ ní kí wọ́n pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí. Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo kàn rántí pé mò ń ka orúkọ àwọn ìjáde ojú ọ̀nà sókè kí n má baà sùn lọ.

Ìyàwó mi, Ìyá Tósìn, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní Fayetteville. Ó ti rí ojú bíi tèmi yẹn rí. Bí mo ṣe wọlé ló dìde.

“Bàbá Tósìn, kí ló ṣe yín?”

“Ẹ̀bà ni.”

“Ẹ̀bà wo? Ẹ jókòó. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn.”

Mo rí i tó mú fóònù. Mo ní kó má pe ambulance, kó fi mọ́tò gbé mi, torí mo mọ irú bíìlì tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síni lẹ́yìn rẹ̀.

“Tí ẹ bá kú sínú mọ́tò mi,” ó ní, “ṣé bíìlì yẹn ló máa wá bá mi sin yín?” Ó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kó tó sọ ọ́ tán.

Ní ọsibítù, wọn ò jẹ́ kí n dúró kó kàn mí. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já mi láyà. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí nígbà tí nǹkan gé mi lọ́wọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi èèyàn sílẹ̀ lórí àga títí ara á fi kan gógó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n tì mí kọjá lójú gbogbo àwọn tó jókòó, àwọn ìyẹn sì ń wò mí tàánútàánú. Mo ní nínú ara mi pé, àṣé ọ̀rọ̀ mi ti burú tó báyìí. Wọ́n ní iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn mi ti dí. Wọ́n gba ojú iṣan ọwọ́ mi wọlé, wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi nǹkan kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ kó má baà dí mọ́. Dókítà sọ fún Ìyá Tósìn pé ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á ti di nǹkan míì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Láoyè, wà ní Iléṣà. Òun ló kọ́kọ́ pè mí lórí fídíò nígbà tí mo délé.

“Òògùn mélòó ni wọ́n kó fún ẹ?”

“Ó tó márùn-ún, sà.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Wọ́n ní títí lọ.”

“Títí lọ kẹ̀? Wọ́n ti sọ ẹ́ di oníbàárà nìyẹn. Kíndìnrín ẹ ni wọ́n máa bà jẹ́ tó bá yá. Gbọ́, mò ń fi àgúnmu kan ránṣẹ́ sí ẹ. Fi omi gbígbóná pò ó, kí o pa tàwọn òyìnbó yẹn tì.”

Ó fi í rán ẹnì kan tó ń bọ̀ lóòótọ́. Ìyá Tósìn gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ mi kò ní tó láìgun àga. Kò dà á nù, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ó kàn sọ pé a máa kọ́kọ́ bi dókítà. Dókítà ní ká má pa á pọ̀ mọ́ òògùn òun. Bọ̀dá Láoyè kò pè mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì dùn mí, torí ó ti jẹ́ bíi bàbá fún mi.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á pe orúkọ yín, ẹ̀yin àti ìdílé yín á jó lọ síwájú, àwọn ọ̀rẹ́ á tẹ̀ lé yín, ẹ óò gba máìkì, ẹ óò jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ àìsàn ti parí. Ohun rere ni. Mi ò bá ìdúpẹ́ jà. Ọlọ́run ló dá ẹ̀mí mi sí, mo sì tún lè jó fún un lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé lẹ́yìn ìdúpẹ́, èèyàn kò tún ní ẹnu láti fi sọ pé nǹkan ń ṣe òun. Tí ẹ bá sọ ọ́, ó dà bíi pé ẹ pa irọ́ fún Ọlọ́run níwájú gbogbo ìjọ.

Wọ́n sọ mí ní Bàbá Ẹ̀rí. Dèjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kéré sí mi díẹ̀, òun ló máa ń wọ aṣọ tó ń dán kí awakọ̀ lè rí i, tó sì máa ń darí mọ́tò níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo bá ti yọ, á bẹ̀rẹ̀: “Bàbá Ẹ̀rí, ẹ máa bọ̀, ẹ wá páàkì síbí. Àwọn tó ti ọ̀run bọ̀ la fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún.” Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Tí àlejò bá sì wá, Pásítọ̀ á ní, “Bàbá Ẹ̀rí dà? Ẹ dìde kí wọ́n rí yín.” Màá dìde. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Màá jókòó padà, màá sì fi ìka méjì kan ọrùn mi lábẹ́ kọ́là láti mọ̀ bóyá ọkàn mi ṣì ń lù.

Bí mo ṣe wà nìyẹn. Mo máa ń kan ọrùn mi nídìí iṣẹ́, mo máa ń kàn án nídìí oúnjẹ. Mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, torí tí etí mi bá wà lórí ìrọ̀rí, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń lù, tó bá sì fo ẹyọ kan, òógùn á bò mí. Nígbà kan tí mò ń wa mọ́tò lórí 285, èémí mi há, ojú mi ń ṣú, ọwọ́ mi kú. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo dágbére fún ìyàwó mi lórí fóònù. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ọkàn mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó tún ṣẹlẹ̀ nílé ìtajà. Ó tún ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ nǹkan kan náà fún mi. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá rọra sọ pé ó lè jẹ́ ẹ̀rù. Inú bí mi. Mo bi ìyàwó mi nígbà tí a jáde: “Ṣé ó ní orí mi kò pé ni?”

“Kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ohun tó sọ nìyẹn. Ó kàn fi oyin sí i.”

Ìyá Tósìn ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń wá jókòó tì mí, ó tún ń padà. Mo rí i pé ó rẹ̀ ẹ́, mo sì rò ó pé èmi ni ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti burú sí i. Oúnjẹ kò dùn mọ́. Mi ò gbé fóònù èèyàn mọ́. Mo máa ń wọ balùwẹ̀, màá ṣí omi, màá sì sunkún, èmi àgbàlagbà. Tósìn, ọmọbìnrin wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wálé lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

“Dádì, mo gbọ́ yín.”

“Kí lo gbọ́?”

“Ẹ ń sunkún.”

“Omi ni.”

“Dádì, omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀. Ó padà sílé-ìwé kí ọjọ́ tó dá tó pé, ó ní òun ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ìgbà kan wá tí mò ń gba àdúrà kan tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí n sùn kí n má jí, kí ẹ̀rù náà lè tán, kí Ìyá Tósìn sì lè sinmi. Mi ò gbèrò láti ṣe ara mi ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí dé ibi tí ikú tí mò ń sá fún ti wá dà bí ibi ìsinmi lójú mi. Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ má dá wà níbẹ̀.

Wọ́n bi mí o. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi bi mí níṣojú ìyàwó mi: ṣé inú mi máa ń bà jẹ́, ṣé mo máa ń rò pé ó sàn kí n má sí láyé? Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó ronú. Mo ní mo wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà wa, ọpẹ́ la fi ń dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe Yorùbá, kò mọ̀ pé ìkíni ni mo fi dá òun lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó lọ sí ìbéèrè míì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mò ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí n má wa ọkọ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Mo sì ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà á dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún padà ti jáde. Sọ́ńdè kan, àwọn àlejò wá láti ìpínlẹ̀ míì. Pásítọ̀ pè mí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ní kí n bọ́ síwájú kí n wá sọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Mo gba máìkì. Mo ní, “Ẹ bá mi yin Olúwa.” Wọ́n yìn ín. Èémí mi sì há bí ó ṣe há lórí 285. Ojú gbogbo wọn ń tàn sí mi. Mo wá gbólóhùn tí mo máa ń sọ, mi ò rí i. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ̀rù ń bà mí.”

Wọ́n rò pé mo fẹ́ sọ ìtàn ni. Àwọn kan ní, “Kò ní bà yín mọ́ lórúkọ Jésù.” Mo tún un sọ. Mo ní, “Kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́. Mi ò lè sùn.”

Pásítọ̀ rọra gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀mí ẹ̀rù wí kíkankíkan. Mi ò bínú sí i; ohun tó mọ̀ ló fi ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mò ń padà sí àga mi, ìyá kan fà mí lápá. Ó ní, “Bàbá Ẹ̀rí, ẹ má fi ẹnu ara yín da ẹ̀rí yín nù o.” Mi ò jókòó. Mo gba ẹ̀yìn jáde lọ sínú mọ́tò mi.

Dèjì tẹ̀ lé mi nínú aṣọ rẹ̀ tó ń dán. Ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé láìtọrọ àyè. Mò ń retí kó dá àpárá. Kò dá a. Ó ń wo iwájú.

“Mo gbọ́ yín láti ẹnu ọ̀nà,” ó ní.

“O gbọ́ bí mo ṣe ba ara mi jẹ́.”

“Ṣé ẹ rántí pé èmi náà ṣe ìdúpẹ́ lọ́dún tó kọjá?”

Mo rántí. Wọ́n yọ kókó kan lára rẹ̀, kò sọ ibi tó wà, a ò sì bi í. “O jó dáadáa lọ́jọ́ náà,” ni mo sọ.

“Mo jó. Bàtà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.” Ó fa ilẹ̀kùn mọ́tò dé. “Nígbà tí a délé, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo ní kí Ṣadé ìyàwó mi máa wọlé, mo ní mò ń gba fóònù. Kò sí fóònù kankan.”

“Dèjì.”

“Kí lẹ rò pé mò ń ṣe níta yìí ní gbogbo Sọ́ńdè, nínú oòrùn, nínú òjò? Ṣé torí pé mo fẹ́ràn mọ́tò? Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn inú yẹn, tí orin bá dún sókè, màá rò pé kókó náà ti padà wá. Ìta ni mo ti lè mí.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń dán yẹn, aṣọ tí kò lè fa omi. “Ẹ̀yin ti sọ tiyín sínú máìkì. Èmi ò tíì sọ ọ́ fún Ṣadé.”

A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe ìsìn parí nínú ilé. Nígbà tí Ìyá Tósìn jáde, ó wo àwa méjèèjì. Ó kàn ní, “Ní ọ̀la, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.”

A lọ. Nọ́ọ̀sì náà tún béèrè. Mo wo ìyàwó mi, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan àdúrà tí mò ń gbà. Ìyá Tósìn kò sunkún níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dì í débi tó fi dùn mí. Kò sẹ́ni tó pè mí ní wèrè. Wọn ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ ni. Dókítà ní ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tó ti rí ohun tí mo rí, pé ara máa ń rántí. Wọ́n fún mi ní òògùn kan kún tàtẹ̀yìnwá, wọ́n sì fi mí mọ obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ti mú mọ́lẹ̀. Mo dúró pẹ́ kí ó tó kàn mí, torí èrò pọ̀ níwájú. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ má jáwọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ò lè dúró, tí ọkàn yín ti ń lọ sí ibi tí tèmi lọ, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kó bá yín pe dókítà.

Mo pe Tósìn láti bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe omi.

“Dádì, èmi náà ń lọ bá ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù mi níbí,” ó ní. “Láti ìgbà tí wọ́n gbé yín lọ. Mo máa ń rò pé Mọ́mì máa pè mí pé ẹ ti kú.”

Gbogbo ìgbà tí mò ń kan ọrùn mi, mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ń jí lóru wo fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mo ti padà síbi iṣẹ́. Mò ń lo òògùn mi. Mo máa ń rìn yí àdúgbò wa ká láàárọ̀. Bọ̀dá Láoyè ti ń pè mí padà. Kò gbà pé àgúnmu òun kò dára, ṣùgbọ́n ó ti ń béèrè bóyá mo sùn. Ẹ̀rù náà kò tíì lọ. Ó ṣì máa ń wá lórí 285, màá sì sọ fún un bí obìnrin yẹn ṣe kọ́ mi, pé mo mọ̀ ọ́n, màá rọra máa mí títí á fi kọjá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò tètè kọjá. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti tán. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Pásítọ̀ kò pè mí síwájú mọ́. Sọ́ńdè tó kọjá, mo dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, Dèjì ń juwọ́ sí mi kí n máa bọ̀. Mo sọ fèrèsé kalẹ̀, mo ní, “Dèjì, báwo lara?”

“A dúpẹ́,” ó ní kíá.

Mo pa ẹ̀rọ mọ́tò. Mọ́tò kan ti dúró lẹ́yìn mi, ó ti ń fọn fèrè. Dèjì wo ọ̀nà, ó wo bàtà rẹ̀.

“Bàbá Tósìn,” ó ní, “lónìí kò dára.”

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì bá a dúró níbẹ̀.